Ṣé O Mọ̀? Orin Ilé Tí Gbogbo Ẹnu Lè Gbè Lókè Òkun

Ṣé o mọ̀ pé ní ọdún 1922, àlùfáà kan láti Abẹ́òkúta wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin Yorùbá tó lé ní ogójì sínú àwo? Josiah Jesse Ransome-Kuti ni, bàbá tó bí bàbá Fẹlá. Ilé-iṣẹ́ Zonophone ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni ọdún 67 ni bàbá náà nígbà yẹn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fi orin pe àwọn èèyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Òun náà ni a mọ̀ mọ orin Ẹ̀gbá, èyí tí gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta máa ń dìde kọ.

Ṣé o mọ̀ pé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1923, Sol Plaatje, akọ̀wé ńlá ará Gúúsù Áfíríkà, kọ Nkosi Sikelel' iAfrika sínú àwo fún Zonophone yìí kan náà, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà? Enoch Sontonga ló ti ṣe orin náà ní 1897. Ó ti wọ inú orin orílẹ̀-èdè wọn báyìí.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́jọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1945, lọ́jọ́ tí ogun parí ní Yúróòpù tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń jó lójú títì, Ambrose Campbell ọmọ Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlù àti gìtá jáde sí Piccadilly, tí wọ́n sì ń kọrin láàárín èrò? Ẹgbẹ́ rẹ̀, West African Rhythm Brothers, kọ orin Yorùbá sínú àwo lẹ́yìn náà, wọ́n sì tà wọ́n ní ìlú òyìnbó àti nílé.

Mo kó àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ nítorí pé bí àwọn èèyàn wa bá fẹ́ ṣe àjùmọ̀kọ orin ní Peckham, ní Houston tàbí ní Toronto, wọ́n máa ń rò pé àwọn ló kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò. Ọ̀nà yìí ti là tipẹ́. Yíyan orin ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Èrò tèmi lórí rẹ̀ ni pé orin tí ẹnu púpọ̀ lè gbè láìwo ìwé ni kó ṣáájú. Orin tó pẹ́ jù, orin tó jinlẹ̀ jù, orin tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ràn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé e.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní orin Yorùbá kì í ṣe ti gbogbo Yorùbá? Dadakúàdà, ti Ìlọrin ni. Bírípo, ti Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Àpíìrì, ti Èkìtì. Olele, ti Ìjẹ̀ṣà. Ẹkún ìyàwó, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ín. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń kọ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ti Kétu àti àwọn ará Yewa ni. Bí ẹnì kan bá dìde nínú họ́ọ̀lù ní Lọ́ńdọ̀nù tó dá bírípo, àwọn ará Ìlàjẹ á bọ́ sójú agbo pẹ̀lú ìdùnnú, ọmọ Ọ̀yọ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á sì máa pàtẹ́wọ́ bí àlejò. Kò burú kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní orin kan tirẹ̀ nínú ètò ọjọ́ náà. Ohun tó burú ni kí ìlú kan gba gbogbo rẹ̀ torí pé ọmọ wọn ni alága.

Ṣé o mọ̀ ibi tí gbogbo wa ti pàdé? Lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Láti ìgbà náà, ọmọ àgbẹ̀ ní Ìkàrẹ́ àti ọmọ oníṣòwò ní Ìjẹ̀bú-Òde ń tò lórí ìlà láàárọ̀, wọ́n ń kọ orin kan náà, wọ́n ń ka Aláwìyé J. F. Ọdúnjọ kan náà. Orin tí olùkọ́ fi ń kọ́ni ní ìmọ́tótó, orin tó ń yin iṣẹ́ oko, orin ìṣirò, orin tí wọ́n fi ń wọ kíláàsì: ìwọ̀nyí ni ìdílé mẹ́wàá láti ìlú mẹ́wàá lè kọ pọ̀ láìfìyà jẹ ara wọn. Ẹlòmíràn á ní orin ọmọdé ni. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí kò fi kúrò lórí ahọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ti rí i pé orin tí èèyàn gbọ́ láti nǹkan bí ọmọ ọdún 10 títí di ẹni ọdún 25 ló máa ń dúró pẹ́ jù lórí rẹ̀? Nítorí náà, kí ẹ tó yan orin, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí àwọn tó ń bọ̀. Bí àwọn àgbà tó ti lé ní ọdún 70 bá pọ̀, orin ilé-ìwé àti ti I. K. Dairo á bá wọn lára mu. Bí ó bá jẹ́ àwọn tó dàgbà lẹ́yìn ọdún 1980 ló pọ̀, orin orí tẹlifíṣàn àti ti àwọn ọmọdé orí rédíò ni ẹ máa wá. Ọ̀nà kan wà tó rọrùn: ẹ fún olúkúlùkù ní bébà pélébé kan, kí ó kọ orin méjì tó lè kọ dópin láìwojú ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá jáde lórí bébà púpọ̀, kó wọlé. Èyí tó bá jáde lórí bébà kan ṣoṣo, kí ẹni tó kọ ọ́ wá dá a fúnra rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà le kọ débi pé àwọn olórin gidi pàápàá máa ń bẹ̀rù rẹ̀? Láti ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ dé òkè ju ọ̀wọ́ ohùn mẹ́jọ lọ dáadáa, ó tó ọ̀wọ́ kan àti ààbọ̀. Orin ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ orin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, John Stafford Smith ló ṣe é. Wo orin ilé wa ní tirẹ̀: ọ̀pọ̀ ló dúró lórí ohùn márùn-ún péré, kì í sì í rìn jìnnà síra. Ọmọ ọdún mẹ́fà àti ìyá ìyá rẹ̀ lè kọ ọ́ pọ̀. Ìṣúra ni èyí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lé orin lè ba ìṣúra náà jẹ́. O ti rí i rí: ó gba máìkì, ìdùnnú gbé e, ó mú orin náà láti òkè téńté. Ní ẹsẹ kejì, àwọn ọkùnrin ti sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ní ẹsẹ kẹta, àwọn ìyá tó wà níwájú ti ń tún gèlè ṣe, ètè wọn ń mì, ohùn kò jáde mọ́. Ní ìparí, òun nìkan ló ń kọ. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi imú kùn ún jẹ́jẹ́, kí ó wá ibi tó ga jù nínú orin náà, kí ó wò ó bóyá òun lè kọ ibẹ̀ lórí ìjókòó láìna ọrùn. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí àwọn àlùfáà kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìyìn sí Yorùbá, ohùn orin òyìnbó ni wọ́n fi kọ wọ́n, tí ohùn náà sì ń tẹ ohùn ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀? Ọkọ́ á di ọkọ̀, ẹni tó ń gbọ́ á sì máa wá ìtumọ̀. Ìyẹn ló mú kí àwọn bíi Ransome-Kuti àti T. K. E. Phillips bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin tó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Phillips jẹ́ olùtẹ dùùrù àti ọ̀gá orin ní Kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 di 1962, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Àwọn ọmọ tí a bí sókè òkun, tí wọn kò gbọ́ èdè náà tó, orin tó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá ti kọ orin náà dáadáa, ọ̀rọ̀ náà ti jáde dáadáa lẹ́nu wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní àmì ohùn.

Nípa bébà ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n máa ń pín: ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i. Mo ti rí èyí tí wọ́n tẹ̀ láìsí àmì kankan, ọmọ ọdún 14 kan dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń kà á bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ojú ń tì í. Ọmọ náà kò ṣẹ̀.

Ṣé o mọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ Phillips tó mú orin ilé dé etí àwọn ará Kánádà? Fẹlá Ṣówándé ni, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, tó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1934. Ó ṣe African Suite ní 1944, ó sì mú orin Akinla tí wọ́n ń jó sí ní Èkó wọ inú rẹ̀. Akinla yìí ni rédíò Kánádà fi ń ṣí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Gilmour's Albums, láti 1956 títí di 1997. Bí ẹ bá wà ní Toronto tí àwọn aládùúgbò yín tó dàgbà bá ní àwọn mọ ohùn orin yẹn, ẹ má bá wọn jiyàn.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí orin àlọ́ fi dára ju gbogbo ìyókù lọ fún irú àpéjọ yìí? Nítorí pé nínú ìtàn ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Mú ìtàn Olúrónbí. Àwọn obìnrin lọ bẹ Ìrókò fún ọjà tó tà, ọ̀kan jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́, ọ̀kan jẹ́jẹ̀ẹ́ àgùntàn, Olúrónbí jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Apàlọ́ á sọ díẹ̀, á lé orin, àwọn olùgbọ́ á gbè. Á tún sọ díẹ̀, á tún lé e. Lílé lè yí padà bó ṣe wù ú, ègbè kì í yí padà. Nígbà tí ìtàn bá fi débi tí Ìrókò ti wá gba ẹ̀jẹ́ rẹ̀, ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá kan rí ti kọ ègbè náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó sì ti mọ ọ́n. Kò sí bébà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní ìṣẹ́jú ogún péré pẹ̀lú àwọn ọmọdé, àlọ́ méjì ni màá fi ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé ètò lílé àti ègbè yìí kan náà ni àwọn ará wa gbé dé Kúbà? Lázaro Ros, tó gbáyé láti 1925 di 2005, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa lé orin òrìṣà, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ oníjó àti olórin ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ ní 1962. Ní Trinidad, Maureen Warner-Lewis gba orin Yorùbá jọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tí ìran wọn ti Áfíríkà wá, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ìwé ní 1994.

Ní ọdún 1967, Deoscóredes dos Santos, tí gbogbo Bahia mọ̀ sí Mestre Didi, rìnrìn àjò láti Bràsíl dé Kétu, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Ọmọ Mãe Senhora ni, ìyálórìṣà tó di oyè mú ní Ilé Axé Opô Afonjá. Wọ́n mú un dé iwájú ọba. Ó kí ọba, ó ṣàlàyé ibi tó ti wá, lẹ́yìn náà ó ka oríkì ìdílé rẹ̀, àwọn Aṣípa, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ìran rẹ̀ ti kúrò nílé láti ayé ẹrú. Ọba gbọ́ oríkì náà, ó mọ̀ ọ́n, ó sì nawọ́ sí agbo ilé Aṣípa: àwọn èèyàn rẹ̀ wà níbẹ̀, wọn kò tíì lọ. Èmi kò lè ka ìtàn yìí kí ọkàn mi má gbọ̀n. Ẹni tó ń ṣètò àjùmọ̀kọ orin lókè òkun, kí ó fún oríkì ní àyè lẹ́yìn oúnjẹ, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan dìde kí wọ́n kì í.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà yìí ń lọ, ó sì ń bọ̀? Ní Pọ́tó-Nófò, àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tó padà láti Bràsíl, ṣì ń ṣe ọdún Senhor do Bonfim ní oṣù Kìíní. Wọ́n máa ń gbé ìjó agọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bourian jáde, wọ́n sì ń kọ orin Pọtogí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Pọtogí mọ́. Orin ti pẹ́ ju èdè lọ níbẹ̀.

Ti Georgia tilẹ̀ jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Lorenzo Dow Turner, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ lọ sí abúlé Harris Neck, ó sì gba orin kan sílẹ̀ lẹ́nu obìnrin kan tó ń jẹ́ Amelia Dawley. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Amelia kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Orin eré ọmọdé ni lójú tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Sierra Leone, Solomon Caulker, gbọ́ ọ, ó ní Mende ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Joseph Opala, Cynthia Schmidt àti Tazieff Koroma wá orin náà kiri abúlé Sierra Leone, títí wọ́n fi dé Senehun Ngola, níbi tí obìnrin kan, Baindu Jabati, ti ń kọ orin tó bá a mu. Ìyá àgbà rẹ̀ ló kọ́ ọ, orin ìsìnkú sì ni. Ní 1997, Mary Moran, ọmọ Amelia, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ abúlé náà. Ìran tó wà láàárín wọn kọjá igba ọdún.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú rẹ̀: orin òkú nílé ti di orin eré lókè òkun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè ṣẹlẹ̀ sí tiwa. Nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà ohun tí orin kọ̀ọ̀kan wà fún kí ẹ tó kọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Orin Orò kò yẹ níbi tí tọkùnrin tobìnrin jókòó sí. Orin arò, ẹ fi í sílẹ̀ de ọjọ́ rẹ̀. Níbi tí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe bá ti jókòó pọ̀, orin eré òṣùpá kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn Kòríà ti rin irú ọ̀nà yìí? Ní 1896, ní Washington, Alice Fletcher gba orin Arirang sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ Kòríà mẹ́ta tó wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Ohùn àwọn ọmọ àjò yìí ni ohùn Kòríà tó kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ.

Orin orílẹ̀-èdè wọn náà ní ìtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohùn Auld Lang Syne ti Skọ́tláńdì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ní 1930, Ahn Eak-tai, ọ̀dọ́kùnrin olórin, bá àwọn ará ilé rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní San Francisco, wọ́n ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò dùn mọ́ ọn nínú rárá. Ó ṣe ohùn tuntun fún un nígbà tó ṣì wà lájò, ìjọba Kòríà Gúúsù sì gbà á wọlé ní 1948.

Auld Lang Syne fúnra rẹ̀? Robert Burns fi í ránṣẹ́ sí olùtẹ̀wé ní 1788, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1796 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní Jàpáànì, ohùn rẹ̀ wọ ìwé orin ilé-ìwé ní 1881. Guy Lombardo, ọmọ Kánádà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sin ọdún jáde lórí rédíò ní Níu Yọ́ọ̀kì ní 1929. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí wọn kò mọ̀ ju ẹsẹ àkọ́kọ́ àti ègbè lọ, orin náà kò sì kú. Ẹ má tẹ ẹsẹ mẹ́jọ sórí bébà. Méjì ti tó.

Ṣé o mọ̀ pé Danny Boy, tí àwọn ọmọ Írẹ́láńdì fi ń sunkún káàkiri ayé, agbẹjọ́rò òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀? Frederic Weatherly kọ ọ́ ní 1910. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ fi ohùn orin kan ránṣẹ́ sí i láti Colorado ní 1912, ó fi ọ̀rọ̀ náà sí i, ó tẹ̀ ẹ́ ní 1913. Ohùn orin náà fúnra rẹ̀ ti Limavady ní Írẹ́láńdì wá, Jane Ross ló gbà á sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1855. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dìde nínú ìpàdé yín tó ní orin báyìí kì í ṣe ojúlówó, ẹ bi í léèrè bóyá àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n kọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀gá ọlọ́pàá Chicago ló kó orin Írẹ́láńdì 1,850 jọ sínú ìwé kan ní 1903? Francis O'Neill ni, ọmọ Cork. Ẹnu àwọn ará ilé rẹ̀ tó ń gbé Chicago ló ti gbà wọ́n, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ọlọ́pàá rẹ̀. Àwọn olórin nílé ní Írẹ́láńdì padà ń kọ́ orin láti inú ìwé tí ọmọ àjò ṣe. Èyí ló yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ wa ní Houston àti Lọ́ńdọ̀nù máa gbèrò.

Ní 1929 kan náà tí Lombardo bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Wales tó wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà pàdé létí ìṣàn omi Niagara, wọ́n kọrin pọ̀ ní èdè wọn. Wọ́n ti sọ ọ́ di àpéjọ ọdọọdún láti ìgbà náà.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ Home, Sweet Home kú sí ìlú onílùú? John Howard Payne, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ fún eré kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1823. Ó kú ní Tunis ní 1852. Ọdún 1883 ni wọ́n tó gbé egungun rẹ̀ padà sílé.

Àwọn mẹ́rin tó gbé Rivers of Babylon jáde lábẹ́ orúkọ Boney M. ní 1978, tí gbogbo rédíò wa ń gbé sáfẹ́fẹ́, ọmọ erékùṣù Karibíánì ni wọ́n, Jámánì ni wọ́n sì fi ṣe ibùgbé orin wọn. Inú Orin Dáfídì 137, orin àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ àjèjì, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá. Àwọn Melodians ní Jàmáíkà ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1970.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1688, dókítà kan ní Basel, Johannes Hofer, kọ ìwé lórí àárò ilé bí àìsàn tó ń pa àwọn ọmọ Swítsàláńdì tó wà lájò? Rousseau náà kọ ọ́ ní 1768 pé wọ́n ka orin àwọn darandaran léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ogun Swítsàláńdì nítorí pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, ẹkún ni, wọ́n á sì fẹ́ sá padà sílé. Èmi kò ní kí ẹ lé omijé jáde nínú họ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí orin àárò wà ní àárín, kí orin tí èèyàn fi ń mi èjìká tẹ̀ lé e. Ìyá tó ń dá gbé nínú fúláàtì, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, kò yẹ kó fi ẹkún wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Ṣé o mọ̀ pé Fanga Alafia, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà ń kọ pé orin Áfíríkà ni, tí ọ̀rọ̀ Yorùbá sì wà nínú rẹ̀, Níu Yọ́ọ̀kì ni wọ́n ti ṣe é? Ohùn rẹ̀ bá ti Li'l Liza Jane mu, orin àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn. Bí ọmọ yín bá mú un bọ̀ láti ilé-ìwé, ẹ má bá a wí. Ẹ gbè é, kí ẹ sì fi ọ̀kan láti ilé lé e.

Ṣé o mọ̀ pé orin tí a rò pé kò lólówó máa ń ní olówó? Solomon Linda kọ Mbube sínú àwo ní Johannesburg ní 1939. Wọ́n fún un ní ṣílè mẹ́wàá. Orin náà rìn ká ayé lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, òun kú ní òtòṣì ní 1962, ọdún 2006 ni ẹjọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tó yanjú. Nílé wa náà, ọ̀pọ̀ orin tí à ń kọ bí ẹni pé ilẹ̀ ló hù ú jẹ́ ti ẹnì kan: ti Ògúndé, ti Dairo, ti olùkọ́ abúlé kan. Níbi tí ẹ bá ti mọ orúkọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ orin. Ìlà kan ni, kò gba inki.

Ní 1963, Dayo Dedeke tẹ ìwé orin Yorùbá kan tó pè ní Ma Gbagbe Ile. Ẹni tó bá ní in nínú àpótí, kó gbé e wá sí ìpàdé. Fún orin tí kò sí nínú ìwé kankan, fóònù tó wà lápò ti tó. Ẹ pe ìyá àgbà nílé, kí ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú lílé, ẹ̀ẹ̀kan ègbè nìkan, kí ó dárúkọ ìlú tó ti kọ́ ọ àti ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ náà tó pé, kí àwọn ọmọ máa gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ bí wọ́n bá ń lọ sílé-ìwé.